Ìtàn ẹ̀mí òkú ní àwọn odi àti ọgbà ẹ̀wọ̀n àtijọ́ etíkun Accra àti Tema

Ìtàn ẹ̀mí òkú ní etíkun Accra àti Tema ni àpapọ̀ ìtàn àtẹnudẹ́nu tí àwọn ará gúúsù ìlà-oòrùn orílẹ̀-èdè Gánà ń sọ nípa àwọn odi olókùúta tí àwọn oníṣòwò ilẹ̀ Yúróòpù kọ́ sí etí òkun ní ọ̀rúndún kẹtàdínlógún àti ìkejìdínlógún, àti nípa àwọn ibi ọ̀wọ̀ tí ó wà lórí ilẹ̀ náà kí àwọn odi tó dé. Ilé ìṣòwò ni àwọn odi wọ̀nyí ní ìbẹ̀rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni wọ́n di ibi tí a ń há ẹrú mọ́, àwọn kan nínú wọn sì di ọgbà ẹ̀wọ̀n. James Fort tí ó wà ní Accra ṣì ń gba ẹlẹ́wọ̀n títí di ọdún 2008.

Yálà ènìyàn gbà pé òkú lè padà wá bẹ alààyè wò, tàbí kò gbà bẹ́ẹ̀, àwọn ìtàn náà ṣe pàtàkì fún ẹni tí ó ń kọ́ nípa ìtàn Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà. Púpọ̀ nínú àwọn tí wọ́n kú sínú odi wọ̀nyí kò ní sàréè tí a lè tọ́ka sí, a kò sì kọ orúkọ wọn sínú ìwé kankan. Ìtàn pé a ń gbọ́ igbe wọn lóru ni ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ìrántí kan ṣoṣo tí àdúgbò ní nípa wọn.

Ilẹ̀ náà àti àwọn odi rẹ̀

Àwọn ọmọ Gã ni wọ́n ni etíkun láti Accra dé Tema. Ìlú mẹ́fà ni a máa ń kà mọ́ wọn: Accra, Osu, La, Teshie, Nungua àti Tema. Bí a bá ré Tema kọjá sí ìhà ìlà-oòrùn, a bọ́ sí ilẹ̀ àwọn Dangme, níbi tí Prampram àti Ningo wà. Wúrà ni ó kọ́kọ́ fa àwọn òyìnbó wá, ìdí sì nìyẹn tí wọ́n fi sọ ilẹ̀ náà ní Gold Coast, èyí ni Etíkun Wúrà. Nígbà tí ó fi di ọ̀rúndún kejìdínlógún, òwò ẹrú ti borí òwò wúrà.

Ní agbègbè Accra nìkan, odi orílẹ̀-èdè mẹ́ta wà tí ènìyàn lè fi ẹsẹ̀ rìn láti ọ̀kan dé èkejì. Àwọn ará Nẹ́dálándì kọ́ Fort Crèvecœur ní 1649. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì kọ́ James Fort sí tòsí rẹ̀ ní 1673, wọ́n sì fi orúkọ àbúrò ọba wọn sọ ọ́, ẹni tí ó padà jọba gẹ́gẹ́ bí James Kejì. Ní Osu, àwọn ará Dẹ́ńmáàkì bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ Christiansborg ní 1661. Ní ìhà ìlà-oòrùn, àwọn ará Dẹ́ńmáàkì tún kọ́ Fredensborg sí Ningo ní àwọn ọdún 1730, wọ́n sì kọ́ Augustaborg sí Teshie ní 1787. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì kọ́ Fort Vernon sí Prampram ní àwọn ọdún 1740. Àárín àwọn odi wọ̀nyí ni Tema wà, ó sì jẹ́ abúlé àwọn apẹja fún ìgbà pípẹ́ kí ó tó di ìlú ńlá.

Kì í ṣe àwọn òyìnbó nìkan ni wọ́n ṣe olórí nínú odi náà. Ní 1693, oníṣòwò ọmọ Akwamu kan tí ń jẹ́ Asamani fi ọgbọ́n gba Christiansborg. Ó kó àwọn ọmọ ogun wọlé bí ẹni pé wọ́n wá ra ìbọn. Wọ́n ki ọta sínú àwọn ìbọn tí wọ́n ń yẹ̀ wò, wọ́n sì lé àwọn ará Dẹ́ńmáàkì jáde. Asamani jókòó sínú odi náà fún bí ọdún kan, ó ń bá ọkọ̀ orílẹ̀-èdè gbogbo ṣòwò. Ní 1694 ni àwọn ará Dẹ́ńmáàkì fi wúrà ra odi wọn padà, ṣùgbọ́n àwọn Akwamu kò dá kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ padà. Kọ́kọ́rọ́ náà wà lọ́wọ́ wọn di òní olónìí, ó sì wà lára àwọn ohun ìṣúra tí ìlú Akwamu fi ń yangàn.

Láti ilé ẹrú sí ọgbà ẹ̀wọ̀n

Dẹ́ńmáàkì ṣe òfin ní 1792 láti fi òpin sí òwò ẹrú orí òkun, òfin náà sì mú ẹsẹ̀ rinlẹ̀ ní 1803. Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ṣe irú rẹ̀ ní 1807. Bí òwò náà ṣe ń kásẹ̀ nílẹ̀ ni àwọn odi ń pàdánù iṣẹ́ wọn. Ní 1850, Dẹ́ńmáàkì ta gbogbo odi rẹ̀ fún ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ní ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá pọ́n-ùn. Ní 1868, lẹ́yìn pàṣípààrọ̀ odi láàárín Nẹ́dálándì àti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Fort Crèvecœur di ti Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n sì yí orúkọ rẹ̀ padà sí Ussher Fort, ní ìrántí Herbert Taylor Ussher tí ó jẹ́ alábòójútó ilẹ̀ náà. Kí èyí tó ṣẹlẹ̀, ìmìtìtì ilẹ̀ ti ba púpọ̀ nínú àwọn odi Accra jẹ́ ní oṣù Keje ọdún 1862.

Ìjọba amúnisìn nílò ibi tí yóò fi ẹlẹ́wọ̀n sí. Yàrá tí a kọ́ láti há ènìyàn mọ́ kí ọkọ̀ ojú omi tó dé kò nílò àtúnṣe púpọ̀ kí ó tó di yàrá ẹlẹ́wọ̀n: ògiri rẹ̀ nípọn, fèrèsé rẹ̀ kéré, ilẹ̀kùn rẹ̀ kì í ju ẹyọ kan lọ. Ussher Fort di ọgbà ẹ̀wọ̀n, ó sì wà bẹ́ẹ̀ títí di 1993. James Fort náà di ọgbà ẹ̀wọ̀n. Ní Keta, ní ilẹ̀ àwọn Ewe, Fort Prinzenstein tí àwọn ará Dẹ́ńmáàkì kọ́ ní 1784 di ẹ̀wọ̀n bákan náà, kí òkun tó wó apá púpọ̀ nínú rẹ̀ ní 1980.

Ẹlẹ́wọ̀n tí òkìkí rẹ̀ kàn jù lọ ní James Fort ni Kwame Nkrumah. Wọ́n sọ ọ́ sẹ́wọ̀n ní 1950 nítorí ìyanṣẹ́lódì àti ìwọ́de tí ẹgbẹ́ rẹ̀ pè ní oṣù Kìn-ín-ní ọdún náà. Inú ẹ̀wọ̀n ni ó wà tí ó fi díje nínú ìdìbò oṣù Kejì ọdún 1951. Ó gba ìbò 22,780 nínú ìbò 23,122 tí a dì ní agbègbè rẹ̀ ní Accra. Ní ọjọ́ 12 oṣù Kejì, gómìnà dá a sílẹ̀, ó sì jáde láti inú yàrá ẹ̀wọ̀n lọ ṣe olórí ìjọba. Lẹ́yìn òmìnira, ìjọba Nkrumah fúnra rẹ̀ ṣe Òfin Ìfinisátìmọ́lé ní 1958, èyí tí ó jẹ́ kí a lè ti ènìyàn mọ́lé láìgbé e dé ilé ẹjọ́. Ussher Fort sì wà lára ibi tí a kó àwọn tí òfin náà mú sí.

Àwọn ọ̀daràn ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní Etíkun Wúrà

Nígbà tí a bá sọ̀rọ̀ ilẹ̀ tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ń kó ọ̀daràn lọ, Ọsirélíà ni ó máa ń wá sí ọkàn àwọn ènìyàn. Ṣùgbọ́n kí ọkọ̀ àkọ́kọ́ tó gúnlẹ̀ sí Ọsirélíà ní 1788, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ti gbìyànjú láti fi Etíkun Wúrà ṣe irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ogun òmìnira Amẹ́ríkà ti dí ọ̀nà tí wọ́n ń gbà kó àwọn ọ̀daràn lọ sí òdìkejì òkun. Ní 1782, nígbà tí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ń bá Nẹ́dálándì jà, wọ́n kó ọgọ́rọ̀ọ̀rún ọ̀daràn jáde láti inú ẹ̀wọ̀n, wọ́n wọ aṣọ ọmọ ogun fún wọn, wọ́n sì fi wọ́n ránṣẹ́ sí etíkun yìí. Àwọn ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì gba odi àwọn ará Nẹ́dálándì mélòó kan ní ọdún náà, títí kan Crèvecœur ní Accra, ṣùgbọ́n ọwọ́ wọn kò tẹ Elmina tí ó jẹ́ olú odi.

Àwọn ọ̀daràn ọmọ ogun náà kò rí owó oṣù tàbí oúnjẹ tí ó tó. Ibà pa wọ́n bí eṣinṣin, àwọn kan sì sá lọ bá ọ̀tá. Ọ̀gá wọn, Kapteeni Kenneth Mackenzie, ní kí a so ọ̀kan nínú wọn mọ́ ẹnu ìbọn àgbá ní odi Moree, a sì yìnbọn náà. Wọ́n ṣe ẹjọ́ Mackenzie ní ilé ẹjọ́ Old Bailey ní London ní 1784, wọ́n dá a lẹ́bi ìpànìyàn, wọ́n sì dájọ́ ikú fún un, ṣùgbọ́n ọba dárí jì í lẹ́yìn náà. Ìdánwò náà já sí asán. Wọ́n tún gbèrò láti kó àwọn ọ̀daràn lọ sí erékùṣù kan nínú odò Gambia, wọ́n sì pa èrò yẹn tì kí wọ́n tó yan Ọsirélíà.

Ní Port Arthur ní Tasmania, níbi tí àgọ́ àwọn ọ̀daràn wà láti 1830 dé 1877, àwọn afinimọ̀nà máa ń kó àlejò rìn lóru láti lọ gbọ́ ìtàn iwin, òwò ńlá sì ni. Ní Etíkun Wúrà, àwọn ọ̀daràn 1782 ti di ẹni ìgbàgbé. Ìtàn ẹ̀mí òkú tí ó gbalẹ̀ ní odi Gánà jẹ mọ́ ẹrú, ẹlẹ́wọ̀n àti àwọn aláṣẹ. Ó ṣọ̀wọ́n kí a tó gbọ́ nípa òyìnbó tálákà tí ibà pa sínú aṣọ ọmọ ogun. Èyí fi hàn pé ikú burúkú nìkan kò tó láti bí ìtàn. Àfi bí ẹni tí ó kú bá ní ará nítòsí, tàbí bí ọ̀rọ̀ rẹ̀ bá kan àwọn tí ó kù láyé, ni ìtàn náà yóò fi pẹ́ ní ẹnu.

Ìgbàgbọ́ àwọn Gã nípa òkú

Kò ṣeé ṣe láti lóye àwọn ìtàn náà láìmọ ohun tí àwọn Gã gbà gbọ́ nípa ikú. Ọ̀rọ̀ tí èdè Gã ń lò fún ẹ̀mí ẹni tí ó ti kú ni *sisa*. Bí a bá ṣe ètò ìsìnkú fún ènìyàn bí ó ti yẹ, *sisa* rẹ̀ yóò lọ bá àwọn baba ńlá, yóò sì máa ṣọ́ ìdílé. Ẹni tí ó kú ikú òjijì, ikú ìpalára tàbí ikú ìbímọ, tí a kò sì ṣe ìwẹ̀nùmọ́ fún, ni a máa ń bẹ̀rù pé kò ní sinmi. Àwọn Akan pẹ̀lú ní ìgbàgbọ́ tí ó jọ èyí. *Saman* ni wọ́n ń pe ẹ̀mí òkú.

Alààyè àti òkú kò jìnnà sí ara wọn nínú ayé Gã. Ní ọdún Homowo, tí wọ́n fi ń rántí ìyàn tí àwọn baba ńlá borí, olórí ìdílé máa ń fọ́n oúnjẹ kan tí wọ́n ń pè ní *kpokpoi* sílẹ̀ fún àwọn tí ó ti lọ, kí àwọn alààyè tó jẹun. Wọ́n máa ń sunkún àwọn tí ó kú láàárín ọdún náà, wọ́n sì máa ń parí ìjà ẹbí. *Wulomo*, tí ipò rẹ̀ jọ ti àwòrò ní ilẹ̀ Yorùbá, ni ó ń ṣe ètò láàárín ìlú àti àwọn òrìṣà òkun, ọ̀sà àti ilẹ̀.

Nígbà tí a bá fi ojú ìgbàgbọ́ yìí wo odi, ohun tí ó ń dẹ́rù bani níbẹ̀ yé ni. Ẹni tí ó kú sínú yàrá ẹrú kú jìnnà sí ìdílé rẹ̀. Kò sí ẹni tí ó wẹ̀ ẹ́, kò sí ẹni tí ó ta ọtí sílẹ̀ fún un, kò sí ẹni tí ó fọ́n oúnjẹ dè é. Nítorí náà, ìtàn pé ẹ̀mí wọn kò kúrò níbẹ̀ kì í ṣe ìtàn ìdẹ́rùbani lásán lójú àwọn ará etíkun. Gbèsè ìsìnkú tí a kò san ni.

Kásùlù Osu

Christiansborg, tí àwọn ènìyàn mọ̀ sí Kásùlù Osu, ni ilé tí ìtàn ẹ̀mí òkú pọ̀ jù lọ nípa rẹ̀ ní Accra. Ohun tí ó mú un yàtọ̀ sí àwọn odi yòókù ni pé ó di ilé ìjọba ní 1902, ó sì wà bẹ́ẹ̀ fún ohun tí ó ju ọgọ́rùn-ún ọdún lọ. Àwọn gómìnà Gẹ̀ẹ́sì, àti lẹ́yìn wọn àwọn olórí Gánà, ń ṣe ìpàdé, wọ́n ń jẹun, wọ́n sì ń sùn lókè àwọn yàrá tí a ti há ẹrú mọ́.

Ìtàn tí a ń gbọ́ jù ni pé ìró ẹ̀wọ̀n irin àti igbe ènìyàn máa ń jáde láti ìsàlẹ̀ ilé lóru, àti pé àwọn ẹ̀ṣọ́ kì í fẹ́ dá dúró sí àwọn apá ibìkan. Ìtàn yìí wọ inú òṣèlú. Nígbà tí John Agyekum Kufuor di ààrẹ ní 2001, kò kó lọ sí kásùlù náà; ilé ara rẹ̀ ni ó ń gbé. Ìjọba rẹ̀ kọ́ Jubilee House, tí a ṣí ní oṣù Kọkànlá ọdún 2008. Àwọn tí wọ́n fara mọ́ ilé tuntun náà ní kò bójú mu kí ìjọba orílẹ̀-èdè òmìnira máa jókòó sínú ilé ẹrú. Ní ọjà àti nínú ọkọ̀ èrò, àlàyé tí àwọn ènìyàn ń ṣe rọrùn ju bẹ́ẹ̀ lọ: wọ́n ní àwọn òkú kò jẹ́ kí ààrẹ sùn. Ààrẹ John Atta Mills padà sí kásùlù náà lẹ́nu iṣẹ́. Nígbà tí ó kú lórí oyè ní ọjọ́ 24 oṣù Keje ọdún 2012, tí a sì sin ín sí tòsí kásùlù náà, ìtàn wọ̀nyí tún gbérí. Ní 2013 ni ọ́fíìsì ààrẹ kúrò níbẹ̀.

Kì í ṣe ẹ̀mí àwọn ẹrú nìkan ni a ń so mọ́ àdúgbò náà. Ní ọjọ́ 28 oṣù Kejì ọdún 1948, àwọn ọmọ ogun àtijọ́ tí wọ́n ti jà fún ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì nínú ogun àgbáyé kejì ń lọ sí kásùlù láti fi ẹ̀dùn ọkàn wọn han gómìnà. Ọ̀gá ọlọ́pàá òyìnbó kan yìnbọn lù wọ́n ní oríta Osu. Sájẹ́ǹtì Adjetey, Kọ́pùrà Attipoe àti Odartey Lamptey kú níbẹ̀. Àwọn mẹ́ta yìí kò di iwin nínú ìtàn. Wọ́n di akọni tí a ń rántí lọ́dọọdún ní gbangba. Ẹni tí ìjọba bá rántí kò nílò kí ó máa ké lóru kí a tó gbọ́ ọ.

Akéwìbìnrin inú kásùlù Cape Coast

Ní ìwọ̀-oòrùn, ní Cape Coast, ìtàn tí ó jẹ mọ́ òyìnbó lókìkí ju ti àwọn yòókù lọ. Letitia Elizabeth Landon jẹ́ akéwì tí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì mọ̀ dáadáa. Ó fẹ́ George Maclean tí ó ń ṣàkóso àwọn odi Gẹ̀ẹ́sì ní Etíkun Wúrà, ó sì dé Cape Coast ní oṣù Kẹjọ ọdún 1838. Ní ọjọ́ 15 oṣù Kẹwàá, oṣù méjì péré lẹ́yìn tí ó dé, wọ́n bá a ní yàrá rẹ̀ tí ó ti kú, ìgò oògùn olóró sì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ní ọjọ́ náà gan-an ni wọ́n sin ín sí àgbàlá kásùlù. Àwọn kan sọ pé ó pa ara rẹ̀ ni, àwọn kan ní ó lo oògùn náà ju bí ó ti yẹ lọ, àwọn mìíràn sì sọ pé wọ́n pa á. Kò sí ẹ̀rí tí ó parí ọ̀rọ̀ náà, inú àìdánilójú yìí sì ni ìtàn pé ẹ̀mí rẹ̀ ń rìn nínú àgbàlá ti hù jáde. Sàréè rẹ̀ àti ti ọkọ rẹ̀ wà níbẹ̀ títí di òní.

Ìtàn yìí fi àlàfo kan hàn. Obìnrin kan ṣoṣo yìí ní orúkọ, déètì ikú àti òkúta sàréè. Lábẹ́ àgbàlá kan náà ni yàrá tí a ti há ẹgbẹẹgbẹ̀rún ẹrú mọ́ wà, a kò sì lè dárúkọ wọn. Ẹ̀mí ti Landon ní ìrísí, ẹ̀mí ti àwọn ẹrú jẹ́ ohùn lásán. Síbẹ̀, àwọn ará Cape Coast kò fi yàrá náà sílẹ̀ lófo: ojúbọ òrìṣà ìlú tí ń jẹ́ Nana Tabir wà nínú yàrá abẹ́lẹ̀ náà, níbi tí wọ́n gbà pé òrìṣà náà ti wà kí a tó kọ́ kásùlù lé e lórí.

Igi èbúté Tema

Ìtàn tí ó lókìkí jù lọ ní Tema fúnra rẹ̀ kò jẹ mọ́ odi. Orí igi ni ó dá lé. Ní 1952, ìjọba gba ilẹ̀ tí ó fẹ̀ tó ibùsọ̀ 64 níbùú àti lóròó láti kọ́ èbúté òkun àti ìlú tuntun. Abúlé Tema àtijọ́ wà ní àárín ilẹ̀ náà. Àwọn ará abúlé kò fẹ́ kúrò, kì í sì í ṣe nítorí owó nìkan: ibojì àwọn baba wọn àti ojúbọ àwọn òrìṣà wọn wà níbẹ̀, Sakumo tí ó ni ọ̀sà sì ni olórí wọn. Lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún àríyànjiyàn ni wọ́n kó lọ sí Tema Manhean, tí ìtumọ̀ rẹ̀ jẹ́ Tema ìlú tuntun, ní nǹkan bí 1959. A ṣí èbúté náà ní 1962.

James Neal, òyìnbó kan tí ó jẹ́ ọ̀gá olùṣèwádìí ìwà ọ̀daràn fún ìjọba Gánà, kọ ìtàn kan nípa ìgbà náà sínú ìwé rẹ̀ *Ju-Ju in My Life* tí ó jáde ní 1966. Gẹ́gẹ́ bí ó ti sọ, àwọn ẹ̀rọ ti hú gbogbo igi tí ó wà lórí ilẹ̀ tí wọ́n ń tún ṣe, àyàfi igi kékeré kan tí kò gbà kí ẹ̀rọ kankan fa òun tu. Àwọn òṣìṣẹ́ ní ẹ̀mí kan ń gbé inú rẹ̀. Wọ́n pe àwòrò, ó sì béèrè àgùntàn mẹ́ta, ìgò ọtí jíìnì mẹ́ta àti ọgọ́rùn-ún pọ́n-ùn láti bẹ ẹ̀mí náà kí ó lọ sí igi mìíràn. Lẹ́yìn ètùtù náà, Neal sọ pé àwọn ọkùnrin díẹ̀ fi okùn fa igi náà tu.

Ohun yòówù kí ó ṣẹlẹ̀ ní ọjọ́ náà, ìtàn igi Tema dúró fún ìjà tí ó ṣẹlẹ̀ ní tòótọ́. Ìjọba àti ẹ̀rọ rẹ̀ ti gba ilẹ̀. Nínú ìtàn, wọ́n ní láti dúró kí wọ́n sì tọrọ àyè lọ́wọ́ onílẹ̀ kí iṣẹ́ tó lọ síwájú. Ẹni tí ó bá mọ ohun tí àwọn Yorùbá ń sọ nípa ìrókò àti olúwéré inú rẹ̀ kò ní rí ìtàn náà bí àjèjì.

Ìtàn tí ó bá a jọ ní ilẹ̀ Yorùbá àti ní Benin

Okùn ìtàn so etíkun Accra mọ́ ilẹ̀ Yorùbá ní tààrà. Lẹ́yìn ọ̀tẹ̀ àwọn Malê ní Bahia ní 1835, nínú èyí tí àwọn Yorùbá ẹlẹ́sìn Mùsùlùmí kó ipa pàtàkì, ọ̀pọ̀ àwọn ọmọ Áfíríkà kúrò ní Brazil. Àwọn kan nínú wọn gúnlẹ̀ sí Accra ní 1836, àwọn Gã sì gbà wọ́n, wọ́n fún wọn ní ilẹ̀. Tabom ni a ń pe àwọn ọmọ wọn. Ilé wọn àtijọ́, Brazil House, wà ní James Town, kò jìnnà sí àwọn odi tí ó di ọgbà ẹ̀wọ̀n.

Ní Àgbádárìgì, àwọn afinimọ̀nà ń fi kànga kan han àlejò ní ọ̀nà etíkun, wọ́n ní omi rẹ̀ ni a fi ń mú kí ẹrú gbàgbé ilé. Ní Ouidah ní Benin, Igi Ìgbàgbé ni ìtàn ń tọ́ka sí: ọkùnrin a yí i po lẹ́ẹ̀mẹsàn-án, obìnrin a yí i po lẹ́ẹ̀méje, kí wọ́n má bàa rántí ibi tí wọ́n ti wá. Ṣùgbọ́n Ouidah ní igi mìíràn, Igi Ìpadàbọ̀. Wọ́n ní ẹni tí ó bá yí i po, bí ara rẹ̀ kò tilẹ̀ padà, ẹ̀mí rẹ̀ yóò padà wálé lẹ́yìn ikú. Níbẹ̀, ẹ̀mí òkú tí ń padà bọ̀ kì í ṣe ohun ẹ̀rù. Ìrètí ni.

Nínú èrò Yorùbá, àkúdàáyà ni ẹni tí ọjọ́ rẹ̀ kò pé tí ó kú, tí a sì tún rí i ní ìlú mìíràn tí ó ń gbé ayé rẹ̀ lọ. Ó yàtọ̀ sí *sisa* tí a so mọ́ odi, nítorí àkúdàáyà ń sá fún ibi tí ó kú sí. Ẹ̀mí inú odi kò lè kúrò níbẹ̀, gẹ́gẹ́ bí ẹni tí ó ni ín kò ti lè kúrò nígbà ayé rẹ̀.

Ohun tí ó ń mú ìtàn wọ̀nyí dàgbà

Ìṣesí ilé náà wà lára ohun tí ń fa ìtàn. Ìgbì òkun ń lu àpáta tí odi dúró lé, ìró rẹ̀ sì ń gba inú yàrá aláìnífèrèsé bí ohùn ènìyàn. Àdán ń gbé inú àjà. Iyọ̀ òkun ń jẹ irin ilẹ̀kùn, ó ń dún bí afẹ́fẹ́ bá fẹ́.

Ìdí kejì ni ìrìn-àjò afẹ́. Láti ìgbà tí UNESCO ti fi àwọn odi àti kásùlù Gánà sínú àkójọ ohun ìní àgbáyé ní 1979, àwọn àlejò láti Amẹ́ríkà, Karíbíà àti Yúróòpù ti ń pọ̀ sí i. Ní 2019, tí Gánà pè ní Ọdún Ìpadàbọ̀, ọ̀pọ̀ ọmọ Áfíríkà tí baba ńlá wọn re òkun wá síbẹ̀. Púpọ̀ nínú wọn máa ń sunkún nínú yàrá ẹrú, wọ́n máa ń ta ọtí sílẹ̀, àwọn kan sì máa ń sọ pé àwọn mọ̀ ọ́n lára pé ẹnìkan wà níbẹ̀. Afinimọ̀nà tí ó gbọ́ irú ọ̀rọ̀ yìí yóò sọ ọ́ fún àlejò tí ó ń bọ̀ lẹ́yìn.

Ìdí kẹta ni pé ìtàn ẹ̀mí òkú lè bo ẹ̀bi mọ́lẹ̀. Bí a bá ń sọ nípa igbe òkú, a lè gbàgbé láti béèrè ẹni tí ó kó wọn wá. Rachel Ama Asaa Engmann, onímọ̀ ìwalẹ̀pìtàn tí ó ti ń ṣiṣẹ́ ní Christiansborg láti 2014, jẹ́ ìran Carl Gustav Engmann tí ó ṣe gómìnà Dẹ́ńmáàkì níbẹ̀ ní ọ̀rúndún kejìdínlógún. Ó ń kọ́ àwọn ará Osu tí àwọn náà jẹ́ ìran òyìnbó Dẹ́ńmáàkì àti obìnrin Gã láti walẹ̀ pẹ̀lú rẹ̀. Àwo, ìgò, ìlẹ̀kẹ̀ àti ìkòkò tábà ni wọ́n ń hú jáde. Iṣẹ́ náà ń sọ ohun tí ìtàn iwin kì í sábà sọ: pé àwọn tí ó ta ènìyàn àti àwọn tí a tà jọ gbé lórí ilẹ̀ kan náà, àti pé àwọn ọmọ wọn ṣì wà nínú ìlú.

Ipò àwọn ilé náà lónìí

Àjọ tí ó ń bójú tó ilé ìṣẹ̀ǹbáyé àti ohun ìrántí ní Gánà ni ó ni ojúṣe àwọn odi náà, ṣùgbọ́n ìtọ́jú wọn kò dọ́gba. Apá kan Ussher Fort ti di ilé ìṣẹ̀ǹbáyé, níbi tí àlejò ti lè wo yàrá ẹlẹ́wọ̀n àti àwọn ohun tí ó jẹ mọ́ òwò ẹrú. James Fort ń gbó lọ láti ìgbà tí àwọn ẹlẹ́wọ̀n ti kúrò. Ní Prampram, díẹ̀ ni ó kù nínú Fort Vernon, ní Ningo sì rèé, àwókù ògiri ni Fredensborg. Òkun tí ń jẹ etíkun wọlé lọ́dọọdún kò yọ wọ́n sílẹ̀.

Ọ̀nà mìíràn wà tí a lè gbà lo irú ilé bẹ́ẹ̀. Ní Èkó, ọgbà ẹ̀wọ̀n Broad Street tí ìjọba amúnisìn kọ́ ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún di Freedom Park ní 2010, níbi tí a ti ń ṣe eré ìtàgé àti orin ní ibi tí a ti ń so ènìyàn kọ́ tẹ́lẹ̀. Ní James Town, àwọn ayàwòrán àti olórin máa ń kó ara wọn jọ lọ́dọọdún fún àjọ̀dún Chale Wote ní àwọn òpópónà tí ó yí àwọn odi ká, ọ̀pọ̀ nínú wọn sì ti fi òkú, ẹrú àti ẹlẹ́wọ̀n ṣe kókó iṣẹ́ wọn. Níwọ̀n ìgbà tí kò sí àkọsílẹ̀ orúkọ àwọn tí ó kú sínú àwọn yàrá náà, tí ògiri àwọn kan sì ti ń ṣubú sínú òkun, àwọn ìtàn àtẹnudẹ́nu wọ̀nyí jẹ́ ohun tí ó yẹ kí a kọ sílẹ̀ kí a sì gba ohùn wọn pamọ́, pàápàá lẹ́nu àwọn àgbà Tema Manhean, Prampram àti Ningo, níbi tí òpìtàn kò tíì ṣiṣẹ́ tó bí wọ́n ti ṣe ní Cape Coast àti Elmina.